Maikoráísà: olú tó ń bá gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ wá oúnjẹ

Ní ọ̀pọ̀ oko tó wà láàárín Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń gbìn kẹ́yìn, nígbà tí iṣu àti àgbàdo bá ti jẹ ilẹ̀ ṣá. Síbẹ̀, ẹ̀gẹ́ á ta. Kì í ṣe agbára gbòǹgbò rẹ̀ nìkan. Gbòǹgbò tó fi ń wá oúnjẹ kò pọ̀, irun ara rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àjọṣe tó wà láàárín gbòǹgbò náà àti irú olú kan tí kì í yọrí síta ló ń gbé e ró. Àjọṣe yìí ni wọ́n ń pè ní maikoráísà.

Ẹ má rò pé olú ọbẹ̀ ni o. Èyí tó ń hù lórí ilé ikán nígbà òjò, ikán ló ń bá gbé; ọ̀rọ̀ gbòǹgbò kò kàn án. Fọ́nrán tín-ín-rín ni ara olú ti maikoráísà, irun orí nípọn jù ú lọ dáadáa. Àfi kí wọ́n pa gbòǹgbò láró kí wọ́n tó rí i lábẹ́ maikirosíkóòpù.

Fọsifọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú oúnjẹ tí ọ̀gbìn ń rí nínú ilẹ̀, ló so gbòǹgbò àti olú pọ̀. Naitirójìn, tí òun náà jẹ́ oúnjẹ ọ̀gbìn, máa ń bá omi rìn nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n fọsifọ́rọ́ọ̀sì a máa lẹ̀ mọ́ irin, pàápàá nínú ilẹ̀ pupa, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Gbòǹgbò á jẹ èyí tó wà nítòsí tán. Òmíràn wà níwájú díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Fọ́nrán olú ló ń kọjá lọ síbẹ̀, ó lè rìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì ń wọ ihò tí gbòǹgbò kò lè wọ̀. Bí alájàpá tó ń kó ẹrù oko wọ Ìlọrin ló ṣe ń kó fọsifọ́rọ́ọ̀sì bọ̀, pẹ̀lú síǹkì àti kọ́pà. Kò sì kó o lọ́fẹ̀ẹ́: ṣúgà àti ọ̀rá tí ewé fi oòrùn ṣe ni owó rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò gan-an ni wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ náà.

Frank, onímọ̀ ará Jámánì, ló fún àjọṣe yìí lórúkọ ní 1885, àmọ́ wọ́n ti rí i nínú ewéko tó di òkúta ní Scotland láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 400 ọdún sẹ́yìn.

Bí ẹ bá da ajílẹ̀ tó ní fọsifọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀ sílẹ̀, ọ̀gbìn á rí tirẹ̀ gbà fúnra rẹ̀, á sì dín ṣúgà olú kù. Katakata tó ń tu ilẹ̀ léraléra náà ń já fọ́nrán wọ̀nyí. Àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà, iṣu, igi emi, gbogbo wọn ló ń gbà á lálejò. Tẹ̀tẹ̀ àti kábéèjì kì í sábà gbà á, nítorí náà oko ẹ̀fọ́ etí odò Asà tí wọn ò gbin nǹkan mìíràn sí kì í ṣe ibi tí olú yìí ti ń pọ̀ sí i.

Ní tèmi, n kò ní fi owó ra ìyẹ̀fun olú maikoráísà sí oko ẹ̀gẹ́ tí igbó ti bò rí. Ó ti wà níbẹ̀. Ibi tó ti lè wúlò ni erùpẹ̀ tí wọ́n ti fi iná yan kí wọ́n tó gbin igi sínú rẹ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ ojú ilẹ̀ lọ ṣe títì. Kódà níbẹ̀, erùpẹ̀ àti gbòǹgbò tí a bù nídìí àgbàdo tí kò ní àrùn lè ṣe iṣẹ́ náà.