Ta ló ń lu aago lórí wáyà serial?

Ìròyìn pé àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń fi ìlà T1 àti E1 (ìlà dátà tí wọ́n ń yá àwọn oníbàárà) sílẹ̀ ti rú ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì lójú. Ṣé ó ṣì yẹ kéèyàn mọ̀ nípa aago orí wáyà serial, ìyẹn wáyà tó ń gbé bíìtì (0 tàbí 1) kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan? Ó yẹ, torí àwọn ìlà yìí ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi púpọ̀.

Aago wo ló wà nínú wáyà?

Àmì iná tó ń lọ sókè, tó ń wá sísàlẹ̀ láìyẹsẹ̀ ni. Bó ṣe ń lù ni ẹ̀rọ ń ka bíìtì kọ̀ọ̀kan. Bó bá lù ní ìgbà 64,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì 64,000 ló kọjá.

Ta ló ń lù ú?

DCE, ìyẹn ẹ̀rọ tó wà nídìí ìlà. DTE, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń lo ìlà náà, ń tẹ̀ lé e ni. Lórí ìlà tí a yá, router yín (ẹ̀rọ tó ń darí dátà láti nẹ́tíwọ̀kì kan sí òmíràn) ni DTE. CSU/DSU, àpótí tó so router mọ́ ìlà ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ló ń fún un ní aago.

Mo so router méjì pọ̀ lórí tábìlì, wọn ò sọ̀rọ̀. Kí ló dé?

Kò sí CSU/DSU láàárín wọn, nítorí náà ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ lu aago. Wáyà ló ń yan ẹni tó máa jẹ́. Ní ti V.35 (irú wáyà serial kan), wáyà DTE ní orí akọ, ti DCE ní orí abo, wọ́n á sì wọnú ara wọn. Router tí wáyà DCE wà lára rẹ̀ ni alùlù. Ẹ má fi ojú wò ó lásán o: lórí router Cisco, ẹ tẹ `show controllers serial 0/0/0`, ẹ ó rí "DCE V.35" tàbí "DTE V.35" níbẹ̀. Lára DCE, ẹ wọ interface náà (ojú ibi tí wáyà wọ̀ lára router), kí ẹ tẹ `clock rate 64000`, lẹ́yìn náà `no shutdown`. Mo ti fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan yí àdírẹ́sì IP síwá sẹ́yìn rí, nígbà tó jẹ́ pé ìlà `clock rate` tí n kò tẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. "Line protocol is down" (ìlà ò ṣiṣẹ́) ni router ń kọ ṣáá.

Ẹ yẹ encapsulation (ọ̀nà tí router ń gbà di dátà kó tó fi ránṣẹ́) wò pẹ̀lú: bí ọ̀kan bá ń lo HDLC tí èkejì ń lo PPP, aago ò lè gbà yín.

Ṣé kí n tẹ clock rate lára méjèèjì?

Rárá, DTE ò ní gbà á.

Kí ni kí n bẹ̀rù?

Wáyà gígùn pẹ̀lú eré púpọ̀. Aago á ti ọ̀dọ̀ DCE dé ọ̀dọ̀ router, dátà á wá padà lọ bá DCE, á sì pẹ́ dé ju bí aago ṣe ń retí rẹ̀ lọ. Ẹ ó máa rí i tí CRC (iye àṣìṣe tí router rí nínú dátà) ń gòkè nínú `show interfaces`. Ẹ dín gígùn wáyà kù, tàbí kí ẹ dín eré kù. Bí CSU/DSU yín bá ní SCTE, ẹ tàn án, kí router lè máa dá aago padà pẹ̀lú dátà.

Ṣé kí n ju àwọn wáyà mi nù?

Ẹ má jù wọ́n. Ẹ lẹ tépù mọ́ orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ DCE tàbí DTE sí i.