Owó orí kò ra ara obìnrin

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ, nígbà míì ẹ óò gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù pàápàá: "Ta ló ní ọkọ máa ń fipá bá ìyàwó ẹ̀ lò pọ̀? Ṣebí ó ti sanwó orí ẹ̀." Irọ́ ni. Irọ́ yìí ti pa ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó orí yẹn gan-an bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó síbi ìdáná rí mọ bó ṣe ń lọ: orógbó, obì, atare, oyin, iyọ̀, wọ́n á fi gbogbo ẹ̀ wúre fún tọkọtaya. Bí wọ́n bá wá gbé owó orí kalẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìdílé lónìí, ṣe ni àwọn òbí ìyàwó ń dá a padà: "A ò ta ọmọ wa o, ẹ bá wa tọ́jú ẹ̀ ni." Àwọn míì á fi kún un pé, bó bá sú yín, ẹ má lù ú, ẹ dá a padà fún wa. Ẹni tí bàbá ẹ̀ ní òun ò tà, ta ló wá rà á?

Ọ̀rọ̀ òfin ló dùn mí jù. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó ti wà láti 1916, èyí tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, yọ ọkọ àti ìyàwó sílẹ̀ ní abala 6, níbi tó ti túmọ̀ ìbálòpọ̀ tí kò bófin mu, torí náà kò ka ti ọkọ sí ìfipábánilòpọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àṣà wa ló bí i. Rárá o. Adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, Matthew Hale, ló kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú ẹ̀, ní 1736, pé obìnrin tó bá ti gbà láti fẹ́ ọkọ ti yọ̀ǹda ara ẹ̀, kò sì lè gbà á padà mọ́. Ní 1991, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn da èrò yẹn nù. Àwa la ṣì ń ru ẹrù tí olówó ẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀.

Òfin VAPP ti 2015, òfin tó lòdì sí híhu ìwà ipá sí èèyàn, tí wọ́n ṣe fún Àbújá, ò dá ọkọ sí rárá nínú ohun tó pè ní ìfipábánilòpọ̀, ìjìyà ẹ̀ sì lè dé ẹ̀wọ̀n gbére. Kódà lábẹ́ ìwé 1916 yẹn, ọkọ tó lu ìyàwó ẹ̀ tàbí tó dá egbò sí i lára ti ṣẹ̀ sófin. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé.

"Kí ló dé tí kò pariwo?" Nítorí pé bí ìbẹ̀rù bá pọ̀ jù, ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kú tipiri: ohùn á há, ọwọ́ ò ní ṣeé gbé. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀, kì í ṣe pé ó gbà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ń sùn ní yàrá kejì, ìyá wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó ṣáájú ìpàdé ẹbí. OAUTHC, ilé ìwòsàn yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà ní Ifẹ̀, Wesley Guild wà ní Iléṣà. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Èyí tó ń dènà oyún ṣì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 5. Bó bá ṣeé ṣe, kí obìnrin náà má tíì wẹ̀, kó sì kó aṣọ tó wọ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá. Bó bá ti wẹ̀ ńkọ́? Kó ṣì lọ. Kò dìgbà tí ẹ̀rí bá wà kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí obìnrin náà bá sá tọ̀ wá, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ má bi í léèrè ohun tó ṣe fún ọkọ ẹ̀. Ẹ má ránṣẹ́ pe ọkọ pé kó wá bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ara ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa máa ń sọ pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú èyí? Ẹ bá a tọ́jú ìwé ẹ̀rí ẹ̀ àti owó díẹ̀ síbi tí ọkọ ò ti lè rí i. Kó jẹ́ òun ló máa pinnu bóyá òun á lọ bá ọlọ́pàá. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, máa ń ran irú wọn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá sì ní òun ń padà sílé, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe, ẹ má bá a jà, ẹ má ní kó má pe yín mọ́. Ẹ bá a wá aládùúgbò kan tó lè tètè sá lọ bá, kó sì mọ nọ́ńbà ẹni náà sórí, kó má jẹ́ inú fóònù nìkan ló wà.