Àmọ̀tẹ́kùn, ọlọ́pàá àti sójà: ta ló ń ṣe kí ni?

Bí àwọn agbébọn bá wọ igbó kan lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ lónìí, sójà kọ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Àgbẹ̀ tó rí ipasẹ̀ bàtà àjèjì nínú oko kòkó rẹ̀ ni, tàbí ọdẹ tó rí eérú iná níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sùn. Nítorí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣe ṣí ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mínísítà ètò ìdájọ́ fi sọ pé kò bófin mu. Ìgbà tí àwọn gómìnà bá igbákejì Ààrẹ ṣèpàdé ni wọ́n tó fẹnu kò pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe òfin tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí Àmọ̀tẹ́kùn kan ṣoṣo: ti Ọ̀yọ́ wà, ti Òǹdó wà, ti Èkìtì wà, ọ̀gá wọn ò sì papọ̀. Èkó ní tirẹ̀ gbé iṣẹ́ náà lé ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tó ti ní tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́.

Àmọ̀tẹ́kùn kì í ṣe ọlọ́pàá. Abala 214 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Àmọ̀tẹ́kùn lè ṣọ́nà, wọ́n lè mú afurasí, ṣùgbọ́n dandan ni kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́: àmọ̀tẹ́kùn fara jọ ẹkùn, kò lè ṣe bí ẹkùn. Ó jọ pé ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ ò rántí òwe yẹn, tàbí ó rántí rẹ̀ jù.

Gómìnà tí gbogbo ayé ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ lọ́wọ́. Abala 215 gbà á láyè láti pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá lórí bí ìlú ṣe máa tòrò, àmọ́ kọmíṣọ́nnà lè ní kí ó ṣe sùúrù ná, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Ààrẹ máa wí. Ní ti sójà, Ààrẹ nìkan ló lè ní kí wọ́n jáde wá ran ìjọba ìlú lọ́wọ́. Abala 217 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni gómìnà lè bẹ ọ̀gá àwọn sójà tó wà ní Àkúrẹ́, tàbí ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kò lè pàṣẹ fún wọn.

Ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé ni ìgbìmọ̀ ètò ààbò ìpínlẹ̀, níbi tí gómìnà, kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, ọ̀gá sójà, ọ̀gá DSS (ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀) àti ti Sífú Dìfẹ́ǹsì ti máa ń jókòó. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ló ń di iṣẹ́ nínú igbó. Bí iṣẹ́ náà bá lọ bó ṣe yẹ, Àmọ̀tẹ́kùn ló ń fọ̀nà hàn, torí wọ́n mọ odò tó ṣeé là kọjá àti abà tí èèyàn ti sá kúrò. Sójà ló ń ṣíwájú níbi tí ìbọn ńlá bá wà. Ọlọ́pàá tàbí DSS ló ń gba ẹni tí wọ́n bá mú. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti sọ fún ara wọn kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí sójà tó bá rí ọkùnrin mẹ́wàá tó gbé ìbọn lóru kò lè mọ̀ pé ọdẹ ìjọba ni.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lórí ohun ìjà, nítorí náà ìbọn ọdẹ tó ní láísẹ́ǹsì ni Àmọ̀tẹ́kùn ń gbé kojú ẹni tó gbé AK-47. Ní ọdún 2022, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Òǹdó bínú gan-an nígbà tí fídíò jáde tó fi àwọn ẹ̀ṣọ́ Katsina hàn pẹ̀lú AK-47. Ó béèrè pé kí ló dé tí tiwa ò fi lè ní. Ìbéèrè gidi ni, èsì tí ìjọba àpapọ̀ fọ̀ sì ni pé kò sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n fún láṣẹ.

Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, agbésùnmọ̀mí ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 èèyàn. Òǹdó ni ìwà ibi náà ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ Kogi ni ológun àti DSS ti mú àwọn kan nínú àwọn afurasí ní oṣù kẹjọ. Òfin Òǹdó tó dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ò ní agbára kankan ní Kogi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ níbí tó sá kọjá ààlà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, àfi kí ìjọba àpapọ̀ gba ìròyìn náà kí ó máa bá a lọ.

Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìpániláyà. Ọdún 2025 ni DSS tó gbé àwọn afurasí Ọ̀wọ̀ lọ síwájú rẹ̀ ní Àbújá. Ohun tí adájọ́ sì ń fẹ́ rí nírú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ṣọ́ àdúgbò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣa èèpo ọta ìbọn sápò láì kọ ibi tó ti rí i àti ẹni tó fà á lé lọ́wọ́, lọ́yà olùjẹ́jọ́ kò ní í ju ìbéèrè mẹ́ta lọ tí ẹ̀rí náà máa fi bàjẹ́.