Tí ẹ bá fẹ́ sin ẹyẹ, ẹ fi odídẹrẹ́ sílẹ̀ ná

Lóṣù tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan gbé páálí wá bá mi nílé ìtọ́jú ẹran. Odídẹrẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ló ti rà á, torí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ẹyẹ tí yóò máa pe orúkọ òun. Mo gbé e sókè, mo rí àtè tó ti gan mọ́ ìyẹ́ abẹ́ ikùn rẹ̀. Inú igbó ni wọ́n ti mú un. Búrẹ́dì àti ìrẹsì ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ti fẹnu kò pé kí wọ́n má ṣe kó odídẹrẹ́ inú igbó lọ tà nílẹ̀ òkèèrè mọ́. Ká tiẹ̀ gbé ti òfin jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹyẹ tó lè lo 40 ọdún kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá rẹ́ni bá ṣeré, ara rẹ̀ ló máa ń kọjú sí. Mo ti rí èyí tó fẹnu tu gbogbo ìyẹ́ àyà rẹ̀, àfi bíi adìyẹ tí wọ́n fẹ́ sè.

Ẹyẹlé ni kí ẹ rà, akọ kan, abo kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ jù, torí pé akọ àti abo jọra. Ẹ má kánjú sanwó. Ẹ dúró wò wọ́n. Èyí tó ń fẹ ọrùn, tó ń kùn, tó ń yí po níwájú ẹnì kejì, akọ ló sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbà á mọ́wọ́. Ẹ fi ìka wá egungun àárín àyà: tó bá mú bí ọ̀bẹ, ẹyẹ náà ti rù. Ẹ ya ẹnu rẹ̀: tí nǹkan pupa rúsúrúsú bá lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ẹyẹ kì í tètè fi àìsàn hàn; kó tó fẹ ìyẹ́, kó tó ká gúlútú sí kọ̀rọ̀, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára tipẹ́.

Ọkà bàbà, àgbàdo wẹ́wẹ́ àti ẹ̀wà díẹ̀ tó wọn. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i, torí kò léyín tí yóò fi lọ oúnjẹ. Ike omi wọn gbọ́dọ̀ jìn díẹ̀: ẹyẹlé kì í gbórí sókè bíi adìyẹ tó bá ń mumi, ṣe ló máa ń ki ẹnu bọ̀ ọ́, á sì fà á. Ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ adìyẹ, ẹ má sì jẹ́ kí èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí oògùn ẹ̀fọn dé ibi tí wọ́n wà.

Ẹyin méjì ni wọ́n sábà ń yé, wọ́n sì ń pa á ní nǹkan bí ọjọ́ 18. Takọtabo ló ń sàba. Akọ ló ń ṣe ti ọ̀sán. Ẹ má fún ọmọ wọn ní ẹ̀kọ mímu o! Nǹkan funfun bíi wàrà tó ń ti ọ̀fun bàbá àti ìyá wá ni wọ́n fi ń bọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, bá onílé mu, kó dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò tíì mọ̀ pé ẹ̀yin ni onílé. Tí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ lónìí, ilé ẹni tó tà á fún yín ló ń lọ. Ẹ sé e mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, níbi tí yóò ti máa rí ìta. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa ṣílẹ̀kùn, kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí ebi sì ti máa pa á. Ẹ mi agolo ọkà bàbà bí ẹ ṣe ń mì ín lójoojúmọ́ tí ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ, kí ẹ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà àgò.