Kókó tí kò dunni náà lè jẹ́ jẹjẹrẹ

Bí kókó bá yọ síni nítan tí kò dunni, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ọ̀rá lásán ni. Lóòótọ́, kókó ọ̀rá ló pọ̀ jù, àmọ́ àìdunni kọ́ la fi ń dá a mọ̀. Eéwo lásánlàsàn kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Sarcoma, ìyẹn jẹjẹrẹ tó ń mú iṣan àti ọ̀rá, lè fi oṣù mélòó kan dàgbà ní ìdákẹ́jẹ́. Àyè pọ̀ nínú itan. Ńṣe ló kàn ń ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àfi tó bá tẹ eegun tàbí okùn ìmọ̀lára ni yóò tó máa roni.

Ohun tó yẹ ká wò ni: ṣé ó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, bí ẹyin adìyẹ? Ṣé ó ń tóbi sí i? Ṣé wọ́n ti gé e rí tó tún hù? Ṣé ó jìn? Ẹ na ẹsẹ̀, kí ẹ mú iṣan itan le, kí ẹ wá fọwọ́ ti kókó náà. Bí kò bá yẹ̀ mọ́, ó ṣeé ṣe kó wà nínú iṣan. Èyí tó wà lábẹ́ awọ ṣì máa ń yẹ̀. Síbẹ̀, kékeré náà lè jẹ́ sarcoma.

Nínú jẹjẹrẹ 100 tó ń mú àgbàlagbà, nǹkan bí 1 péré ni sarcoma, kò sì yani lẹ́nu pé wọ́n máa ń gé e bí kókó ọ̀rá. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ó máa ń bó bí ẹ̀pà, bí ẹni pé ó ní èèpo. Èèpo kọ́ nìyẹn: ẹran tó tẹ̀ mọ́ra ni, jẹjẹrẹ sì wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá kù níbẹ̀ á tún hù.

MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ló yẹ kó ṣáájú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bu ẹran yẹ̀ wò, torí ẹ̀jẹ̀ tí abẹ́rẹ́ bá dà síbẹ̀ máa ń da àwòrán rú. Kí wọ́n fa oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn dáadáa sí aláìsàn lára pẹ̀lú, nítorí àwọn sarcoma kan rí bí àpò omi tí oògùn yìí kò bá sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ oníhò bu ẹran díẹ̀, lójú ibi tí dókítà oníṣẹ́ abẹ máa là, kó lè gé ojú abẹ́rẹ́ náà kúrò. CT àyà, ìyẹn àwòrán inú àyà tí wọ́n fi ìtànṣán X-ray yà, yóò tẹ̀ lé e, torí ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń ràn dé.

Bí ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ bá ṣáájú iṣẹ́ abẹ, 50 Gy (Gray, ìwọ̀n ìtànṣán) ni wọ́n sábà máa ń pín sí ìgbà 25, láàárín ọ̀sẹ̀ 5. Tí wọ́n bá ti gé kókó náà kí èsì àyẹ̀wò tó fi hàn pé sarcoma ni, wọ́n sábà máa ń tún ibẹ̀ yà ní MRI, kí wọ́n sì tún un gé ní fífẹ̀ sí i.