Ohun Tí Máàkì 6 Ń Fi Pamọ́: Bí Ìdíje Géèmù Ìtàn Ṣe Ń Yan Ẹni Tó Gbégbá Orókè

Géèmù ìtàn kò nílò àlàyé púpọ̀. Géèmù kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kíkọ ló gbé e ró ni. Ẹni tó ń gbá a á ka ohun tó ṣẹlẹ̀, á tẹ àṣẹ kan tàbí kó yan ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n tò síwájú rẹ̀, ìtàn á sì gba ibẹ̀ lọ. Nígbà kan rí, òwò ńlá ni. Infocom, ilé-iṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nídìí rẹ̀, kógbá sílé ní 1989, láti ìgbà náà sì ni géèmù ìtàn ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ọ́ nítorí ìfẹ́ lásán. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi tí kò ti sí ọjà, kò sí iye tí wọ́n tà tí èèyàn lè fi mọ èyí tó dára. Àmì ẹ̀yẹ àti lámèyítọ́ ló rọ́pò ọjà níbẹ̀.

Nínú àwọn ìdíje géèmù ìtàn, èyí tó lókìkí jù ni IFComp (Interactive Fiction Competition). Kevin Wilson ló dá a sílẹ̀ ní 1995, géèmù 12 ló sì wọlé lọ́dún náà. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é títí di òní, òfin rẹ̀ kò sì ta kókó. Géèmù gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, tí wọn kò tíì gbé síta rí. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ síta pọ̀, ìdájọ́ á sì gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe adájọ́, àfi ẹni tí géèmù tirẹ̀ wà nínú ìdíje ọdún náà. Ó kéré tán, adájọ́ gbọ́dọ̀ fún géèmù 5 ní máàkì, láti 1 dé 10, ohun tó bá sì rí láàárín wákàtí 2 àkọ́kọ́ ni kó fi dájọ́. Wọ́n á wá ro máàkì géèmù kọ̀ọ̀kan pọ̀, wọ́n á fi iye adájọ́ rẹ̀ pín in dọ́gba, wọ́n á sì fi iye àárín tó bá jáde to géèmù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ géèmù ló ń dá ẹ̀bùn jọ: ẹni tó ṣe ipò kìíní á kọ́kọ́ mú èyí tó wù ú, ẹni kejì á mú tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀bùn á fi tán.

Ọjọ́ tí èsì bá jáde ni àṣìlóye máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á rí géèmù tó wà ní ipò kẹrìnlélọ́gbọ̀n, á ní kò dára, pé gbogbo ará ibẹ̀ ti gbá a, wọ́n sì ti dá a lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí èèyàn nínú, nítorí pé kò sí “gbogbo ará ibẹ̀” kankan. Ní 2020, géèmù 103 ló wọ ìdíje náà. Bí adájọ́ kan bá fẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 2 rẹ̀ pé, wákàtí 206 nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ó sún mọ́ wákàtí 5 lójoojúmọ́, láìsí ọjọ́ ìsinmi. Ká tiẹ̀ ní ọ̀pọ̀ wọn kúrú, ẹni tó níṣẹ́, tó lọ́mọ, kò lè ṣe é. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni adájọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá, díẹ̀ ti lágbájá kì í sì í ṣe díẹ̀ ti tàmẹ̀dò. Àwọn tó fún géèmù kìíní ní máàkì àti àwọn tó fún ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n lè má fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹni kan náà rárá.

Àwọn tó ń ṣètò ìdíje mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Bí wọ́n bá fi álífábẹ́ẹ̀tì to géèmù, àwọn tó wà lókè á rí adájọ́ rẹpẹtẹ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì máa retí ẹni tí kò wá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún adájọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí kò tẹ̀lé ètò kankan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tirẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ kò sí òfin tó ní kí adájọ́ tẹ̀lé e. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ẹ̀rù á kọ́kọ́ lọ sídìí ìtàn ẹ̀rù. Ẹni tí kò fẹ́ràn kí ó máa tẹ àṣẹ á fo gbogbo irú wọn. Èyí ló ń fa nǹkan kan tí ojú kì í tètè rí: géèmù tí àkọlé rẹ̀ ti lé àwọn tí kò ní fẹ́ràn rẹ̀ sá, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n á dá a lẹ́jọ́, máàkì rẹ̀ á sì ga. Èyí tó fa gbogbo èèyàn mọ́ra á pàdé ọ̀rẹ́, á pàdé ọ̀tá, á sì wálẹ̀. Ìkejì lè dára ju ìkíní lọ fíìfíì.

Òfin wákàtí 2 náà ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Adájọ́ lè gbá géèmù fún wákàtí 10 bó bá wù ú, ṣùgbọ́n máàkì tó bá fún un nígbà tí wákàtí 2 pé ni kó fi sílẹ̀, kò gbọdọ̀ yí i padà. Òfin yìí ń dáàbò bo adájọ́, ó sì ń dáàbò bo géèmù kékeré tí ì bá sọnù sábẹ́ òjìji èyí tó tóbi. Àmọ́ ó ti kọ́ àwọn òǹkọ̀wé ní ìwà kan: kí wọ́n kó ohun tó dùn jù síwájú, kí wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ kúrú. Géèmù tó jẹ́ pé wákàtí kẹta ni adùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ìdí kan tí òǹkọ̀wé géèmù kan, Adam Cadre, fi dá ìdíje mìíràn tó ń jẹ́ Spring Thing sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 nìyẹn, kí iṣẹ́ tó gùn lè rí ibi jókòó sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù wà níbi pípín máàkì dọ́gba. Ká mú géèmù méjì. Adájọ́ 40 ló gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ti àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló fún un ní 6. Fún ìkejì, adájọ́ 20 fún un ní 10, 20 yòókù fún un ní 2. Ẹ pín in, 6 ni méjèèjì. Lórí ìwé èsì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n á wà, bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n.

Ká fojú inú wo télọ̀ kan tó wọn 40 èèyàn, tó ro gígùn apá wọn pọ̀, tó pín in sọ́nà 40, tó sì fi iye tó bá jáde rán aṣọ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Bí gbogbo wọn bá rí bákan náà, aṣọ á bá wọn mu. Bí ìdajì bá jẹ́ òmìrán, tí ìdajì sì jẹ́ ọmọdé, apá òmìrán á yọ síta títí dé ìgúnpá, ọwọ́ aṣọ á sì máa gbálẹ̀ lẹ́yìn ọmọdé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bá mu. Bẹ́ẹ̀ télọ̀ kò ṣi ìṣirò ṣe, ó lè gbé ìwé rẹ̀ síta fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe jìnnà síra wọn tó. Béèyàn bá fẹ́ mọ ìyẹn, teepu mìíràn ló máa fi wọ̀n ọ́n: ẹ̀yìn ìgbà tó bá mọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tàbí kúrú ju iye àárín lọ tó, ló tó lè mọ̀ bóyá aṣọ kan tilẹ̀ yẹ ní rírán. Béèyàn bá sì fẹ́ mọ ibi tó ń fún ẹni, abíyá ni tàbí ọrùn, àfi kí ó bi ẹni tó wọ̀ ọ́.

IFComp ní teepu kejì yẹn. Wọ́n ń ṣírò bí máàkì géèmù kọ̀ọ̀kan ṣe fọ́nká sí ní ìhà méjèèjì iye àárín, èyí tí tirẹ̀ bá sì fọ́nká jù lọ ló ń gba àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Golden Banana of Discord. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, ìfọ́nká ti àkọ́kọ́ jẹ́ 0, ti ìkejì jẹ́ 4. Àwọn kan ń wo àmì ẹ̀yẹ yìí bí eré àwàdà nítorí orúkọ rẹ̀. Òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo ètò náà. Ipò kìíní ń sọ èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà fún. Golden Banana ń sọ èyí tí àwọn kan fẹ́ràn dé ibi pé wọn ò bìkítà ohun tí àwọn yòókù rò. Fún ẹni tó ń wá ohun tó máa gbá, ìròyìn kejì wúlò bíi ti àkọ́kọ́, ìgbà mìíràn á tún jù ú lọ. Ó sì ń tu òǹkọ̀wé lára pẹ̀lú: ẹni tó kọ nǹkan àjèjì kò ní lọ sílé pẹ̀lú ipò àárín nìkan, kó máa rò pé iṣẹ́ òun kò kan ẹnikẹ́ni lára.

Àmọ́ teepu kejì náà kò lè sọ ibi tó ń fún. Iṣẹ́ lámèyítọ́ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 ìdájọ́, àwọn adájọ́ kan ń kọ èrò wọn síta lórí géèmù tí wọ́n gbá, ìlànà kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí nídìí ìwé ìtàn tàbí fíìmù. Nínú géèmù tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ẹni tó ń gbá a lè tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó tẹ̀ àti èsì tí géèmù fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sí òǹkọ̀wé, á fi àmì ìràwọ̀ ṣíwájú gbólóhùn rẹ̀, á sì máa bá eré lọ. Òǹkọ̀wé tó bá gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ń ka bí ọkàn òǹkàwé ṣe ń lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Á rí i pé ẹni náà fẹ́ ṣí àpótí, pé ó gbìyànjú ọ̀rọ̀ oríṣi mẹ́rin, pé géèmù kò mọ ọ̀kankan nínú wọn, pé lẹ́yìn náà ó kọ “* ó ti sú mi” tó sì kúrò níbẹ̀. Máàkì 4 tí ẹni náà fún un kò lè sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn. Nídìí géèmù tó jẹ́ yíyan ọ̀nà, àṣẹ kò sí, nítorí náà ìbéèrè lámèyítọ́ yí padà: ṣé yíyàn tí wọ́n fi síwájú mi yàtọ̀ síra lóòótọ́, àbí ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí?

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń dojú ìṣirò rú. Òfin gba òǹkọ̀wé láàyè láti tún géèmù rẹ̀ ṣe nígbà tí ìdájọ́ ṣì ń lọ. Lámèyítọ́ kan sọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní pé ilẹ̀kùn kan kò ṣí, òǹkọ̀wé tún un ṣe, adájọ́ tó dé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kò sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà dí rí. Máàkì àwọn méjèèjì ni wọ́n ń rò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n gbá kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ka èsì dáadáa á kọ́kọ́ wo iye adájọ́ tó fún géèmù ní máàkì, á wo bí máàkì náà ṣe tò láti 1 dé 10, ipò ni kó wò gbẹ̀yìn.

Àwọn mìíràn yan ọ̀nà tiwọn. Spring Thing, nígbà tó bọ́ sábẹ́ Aaron Reed, pa ipò rẹ́, ó sì sọ ọ́ di àjọ̀dún: ríbọ́ǹ ni wọ́n ń fún géèmù, àwọn tó gbá a sì lè fún ríbọ́ǹ lórúkọ fúnra wọn, kí wọ́n sọ ohun gan-an tí wọ́n ń yìn. Ìyẹn sún mọ́ lámèyítọ́ ju nọ́ńbà lọ. XYZZY Awards, àmì ẹ̀yẹ tí Eileen Mullin bẹ̀rẹ̀ fún àwọn géèmù ọdún 1996, pín ìbéèrè náà sí wẹ́wẹ́: ta ló kọ̀wé dáadáa jù, ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ wo ló dára jù, àdììtú wo ló dára jù. Ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀mejì ni, wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á tún yan nínú àwọn tó kù. Àléébù rẹ̀ ni pé géèmù tí ẹni púpọ̀ kò gbá kò lè rí ẹni dárúkọ rẹ̀, bó ti wù kó dára tó.

XYZZY kò ní òfin wákàtí 2, ó sì ń bọ̀ lẹ́yìn tí ọdún ti parí. Kó tó dé, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé IFComp ti jókòó ti lámèyítọ́ àti àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbà, wọ́n ti tún géèmù wọn ṣe, wọ́n sì ti gbé ẹ̀dà tuntun síta. Géèmù tó ṣe ipò kẹrìnlélọ́gbọ̀n ní IFComp lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí, níwájú olùdìbò tí aago kò ká mọ́.