Ìdí ọfà niṣẹ́ wà, kì í ṣe ẹnu ẹ̀

Nínú fíìmù, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọfà á kàn ṣẹ́ igi kan nínú igbó, á fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó, á so ìyẹ́ méjì mọ́ ọn nídìí, ó parí, ogun yá. Tẹ́nì kan bá dán ìyẹn wò pẹ̀lú irú ọrun gígùn táwọn tafàtafà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò láyé àtijọ́, èyí tí wọ́n fojú bù pé agbára tí wọ́n fi ń fà á tó kílò 45 sí nǹkan bíi 80, igi yẹn á fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Èyí tó wá ń bíni nínú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyẹ́, torí àwọn kan rò pé ọ̀ṣọ́ ni, àwọn kan ní òun ló ń jẹ́ kí ọfà fò bí ẹyẹ. Irọ́ ni méjèèjì.

Ti igi ò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n á la pákó tó gbẹ dáadáa, tí ara ẹ̀ lọ tààrà, wọ́n á fi ìfági fá a láti onígun mẹ́rin di onígun mẹ́jọ títí á fi rí roboto, gígùn ẹ̀ á tó nǹkan bí ìnṣì 30. Igi poplar àti aspen ló pọ̀ jù nínú àwọn ọfà tí wọ́n rí nínú Mary Rose, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ tó rì nítòsí Portsmouth lọ́dún 1545, tí wọ́n gbé jáde nínú omi lọ́dún 1982. Ọfà tó lé ní 3,500 ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe irú ẹ̀ lónìí ní nǹkan gidi tó lè fi wọn tiẹ̀. Aspen yìí ṣe pàtàkì débi pé lọ́dún 1416 òfin jáde pé káwọn tó ń ṣe bàtà onígi má fi ṣe bàtà mọ́. Irin ẹnu ẹ̀, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ nìyẹn, òfin 1406 ti ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ le dáadáa kí ẹni tó rọ ọ́ sì lu àmì ẹ̀ sí i lára, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Ìdí ló dùn. Ibi tí okùn ọrun ń wọ̀ nídìí ọfà, àlàfo kékeré kan ni, àmọ́ okùn tó ń fi irú agbára yẹn tì í á la igi yẹn sí méjì. Nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ fi ayùn la ìdí ọfà wọlé bí ìnṣì 2, wọ́n á ki ìwo màlúù tí wọ́n ti fá pẹlẹbẹ bọ ibẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, tó bá gbẹ tán, wọ́n á wá gé àlàfo okùn dábùú ìwo yẹn. Okùn wá ń ti ìwo, kì í ti igi mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ro ìyẹn, orí ẹ̀ pé gan-an.

Ó wá ku ìyẹ́. Ti gúùsì ni wọ́n sábà ń lò, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ àmọ́ tó tóbi jù ú lọ, ìyẹ́ apá ẹ̀ tó gùn ni o, kì í ṣe ti àyà. Mẹ́ta ló ń lọ sára ọfà kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wá láti apá kan náà, tòsì pẹ̀lú tòsì, tọ̀tún pẹ̀lú tọ̀tún. Kì í ṣe èèwọ̀. Ìyẹ́ ọ̀tún tẹ̀ síbì kan, tòsì tẹ̀ sódìkejì, tí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀, ọ̀kan á máa yí ọfà síbí, èkejì á máa yí i sọ́hùn-ún, wọ́n á kàn máa bára wọn jà ni. Àmọ́ tí gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, ọfà á máa pòòyì bó ṣe ń lọ, tí ibì kan bá sì wọ́ díẹ̀ lára igi, kò ní lè fa ọfà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo.

Kí ló tiẹ̀ fà á tí ọfà fi nílò ìyẹ́? Tí tafàtafà bá jọ̀wọ́ okùn, ìdí lokùn ń tì, ẹnu tó wúwo ò tíì fẹ́ kúrò níbi tó wà, igi tó wà láàárín á tẹ̀. Kámẹ́rà tó ń ya nǹkan tó ń sáré ti jẹ́ ká rí i, ọfà máa ń tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún bó ṣe ń fi ara ọrun sílẹ̀, ojú lásán ò lè rí i. Ìyẹ́ ló ń pẹ̀tù sí i. Afẹ́fẹ́ ń di ìyẹ́ mú lẹ́yìn, tí ìdí bá sì fẹ́ yà, afẹ́fẹ́ á tì í padà sẹ́yìn ẹnu. Bíréèkì ni ìyẹ́ yẹn, ó tiẹ̀ ń dín eré ọfà kù, àmọ́ ọfà tó rọra yá tó sì balẹ̀ síbi tí wọ́n rán an sàn ju èyí tó sáré lọ sígbó lọ.

Wọ́n á la ìyẹ́ láàárín, wọ́n á fá egungun ẹ̀ títí á fi fẹ́lẹ́, wọ́n á gé e sí bí ìnṣì 7, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n po ìda oyin mọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Bàbà wà nínú gọ́ọ̀mù ọfà Mary Rose, òun ló jẹ́ kó láwọ̀ ewé, wọ́n sì gbà pé torí àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìyẹ́ ni. Síbẹ̀ gọ́ọ̀mù nìkan ò tó, wọ́n á tún fi òwú sílíkì wé e yípo láti ìsàlẹ̀ dókè, ibí sì làwọn oníwàdùwàdù ti ń bà á jẹ́. Òwú ò gbọ́dọ̀ tẹ ìyẹ́ mọ́lẹ̀, àárín irun ìyẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó lọ di egungun mú nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú onídìrí mọ iṣẹ́ yìí, ìlarun á la irun, òwú á tẹ̀ lé e, tó bá dẹ̀ á tú kí ọ̀sẹ̀ tó parí, tó bá le jù orí á máa fọ́ ni, iwájú orí á bẹ̀rẹ̀ sí í pá, onídìrí á sì ní kò le, ẹ̀yin lẹ ò lè fara dà á, ẹ fi òrí pa á, àti pé owó ẹ̀ ṣì pé o, kò sí ẹ̀dínwó. Ọfà ò lè pariwo ní tiẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń la irun ìyẹ́, gbogbo ìgbà tí òwú bá yípo lẹ́ẹ̀kan, ìyẹ́ mẹ́ta ni wọ́n máa là, ẹ wá wo iye ìgbà tó máa yípo lórí ìnṣì 7.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó nìyí o: ọwọ́ gúùsì ló wà. Lọ́dún 1417, Ọba Henry Karùn-ún pàṣẹ pé kí wọ́n já ìyẹ́ apá 6 lára gúùsì kọ̀ọ̀kan. Tí mẹ́ta bá wá láti apá ọ̀tún, mẹ́ta láti tòsì, ọfà méjì péré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìdì ọfà kan jẹ́ 24, ìyẹn gúùsì 12. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó tún ní kí wọ́n kó ìyẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 1 wá. Kò sí bí agbára ọba ṣe lè pọ̀ tó, kò lè sọ pé kí ìyẹ́ tètè hù.

Tí wọ́n bá wá ṣe é tán, wọn ò ní jẹ́ kó rún. Nínú Mary Rose, wọ́n rí awọ roboto tí wọ́n lu ihò 24 sí, ọfà kọ̀ọ̀kan nínú ihò tiẹ̀ kí ìyẹ́ wọn má fara kanra. Igi àwọn ọfà yẹn ló kù jù, ìyẹ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹrà tán nínú omi, ojú òwú àti gọ́ọ̀mù tó láwọ̀ ewé yẹn làwọn tó ń ṣe ọfà lónìí fi ń mọ ibi tí ìyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.